Bẹ́ẹ bá fẹ́ gba plẹ́yà àtijọ́ ṣe kóòṣì baskẹ́tìbọ́ọ̀lù, ohun tó yẹ kẹ́ẹ wò nìyí

Gbogbo ìgbà tí tíìmù tàbí ilé ìwé bá ń wá kóòṣì, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni orúkọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá nígbà kan, "ẹ lọ pe bọ̀dá yẹn wá jàre, ṣẹ́ẹ mọ̀ pé ó gbá fún Nàìjíríà", wọ́n á pè é, wọ́n á fún un ní fèrè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mi ò ní kò dáa o. Plẹ́yà àtijọ́ lè di kóòṣì tó dáa gan-an, àwọn kan lára àwọn tó dáa jù láyé plẹ́yà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó kọ́ ló máa sọ fún yín bóyá ó lè kọ́ ẹlòmíì. Ohun tó ṣe láàárín ọjọ́ tó fi gbígbá sílẹ̀ sí ọjọ́ tó fẹ́ gba iṣẹ́ kóòṣì, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ tẹjú mọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ẹ ń wá kóòṣì fún kíláàbù tàbí ilé ìwé yín, àti fún ẹ̀yin plẹ́yà tó ń ronú pé tí orúnkún bá ti kọ̀, ẹ máa di kóòṣì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ná

Ẹ wo àwọn kóòṣì tó gba ife NBA, líìgì ọkùnrin tó ga jù ní Amẹ́ríkà, láti 2019 dé 2025. Ní 2019 Nick Nurse ló gbà á fún Toronto, 2020 Frank Vogel pẹ̀lú Lakers, 2021 Mike Budenholzer pẹ̀lú Milwaukee, 2022 Steve Kerr pẹ̀lú Golden State, 2023 Michael Malone pẹ̀lú Denver, 2024 Joe Mazzulla pẹ̀lú Boston, 2025 Mark Daigneault pẹ̀lú Oklahoma City. Nínú àwọn méjèèje yìí, Kerr nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí. Nurse fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ tíìmù ní England níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, Vogel àti Budenholzer jókòó sí yàrá fídíò fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè láti sọ̀rọ̀, Daigneault ní tiẹ̀ ò gbá fún tíìmù yunifásítì kankan, mánẹ́jà akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ ní UConn, irú àwọn ọmọ tó máa ń sáré gbé bọ́ọ̀lù àti omi fáwọn tó ń gbá.

Ẹni tó bá rí ìyẹn lè sọ pé ó tán, plẹ́yà àtijọ́ ò wúlò mọ́. Rárá o. Ìwádìí kan wà tí Amanda Goodall, Lawrence Kahn àti Andrew Oswald gbé jáde ní 2011, wọ́n wo àwọn kóòṣì NBA láàárín 1996 sí 2004, ohun tí wọ́n sì rí ni pé tíìmù tí kóòṣì wọn ti gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí ń ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ, pàápàá tó bá jẹ́ All-Star nígbà tiẹ̀, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún. Òótọ́ ni èyí náà. Tẹ́ẹ bá tún wo àwọn tó gba ife jù nínú ìtàn, Phil Jackson gba 11, ó gbá bọ́ọ̀lù fún New York Knicks, Red Auerbach gba 9, kò gbá ní NBA rí, Pat Riley gba 5, ó gbá bọ́ọ̀lù, Gregg Popovich gba 5, kò gbá ní NBA.

Èrò tèmi lórí ẹ̀ ni pé iṣẹ́ kóòṣì ti fẹ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ṣe ìwádìí yẹn, fídíò ti pọ̀, ìṣirò ti wọ inú ẹ̀, asístáǹtì tó wà nídìí bẹ́ǹṣì ti ju méjì mẹ́ta lọ, ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá wà nínú irú iṣẹ́ yẹn ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pè é ní ọ̀gá. Plẹ́yà tó ń jáde láti kọ́ọ̀tù tààrà sórí àga kóòṣì ò tíì ní ìyẹn. Kì í ṣe pé kò lè ní i, kò tíì ní i ni.

Ohun tí gbígbá bọ́ọ̀lù ń fún èèyàn lóòótọ́

Àkọ́kọ́ ni etí. Tẹ́ni tó ti gba ìgbọ̀nwọ́ sí ìhà rí nídìí rebound, níbi tí wọ́n ti ń du bọ́ọ̀lù tó ta padà lára agbọ̀n, bá sọ fún ẹ pé fi ìdí tì í, wàá gbọ́. Rudy Tomjanovich tó jẹ́ kóòṣì Houston Rockets nígbà tí wọ́n gba ife ní 1994 àti 1995, ìgbà márùn-ún ló ṣe All-Star pẹ̀lú Rockets yẹn kan náà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe asístáǹtì níbẹ̀ kó tó di ọ̀gá. Hakeem Olájùwọ̀n tiwa láti Èkó ni wọ́n kọ́ gbogbo ọfẹ́ǹsì yẹn yí ká, Tomjanovich á ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Hakeem nínú, kí àwọn tó mọ ṣúútù dúró sí ìta, tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn bá wá ran ara wọn lọ́wọ́ lórí Hakeem, ó ń jù ú síta nìyẹn. Lójú wa lónìí ó dà bí nǹkan tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ògbóǹtarìgì bíi Hakeem ní láti fọkàn tán yín kó tó lè ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹlòmíì ní ìparí géèmù, Tomjanovich sì ní irú ìfọkàntán yẹn.

Èkejì ni pé ó mọ bó ṣe ń rí lára. Ó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wúwo ní kọ́tà kẹrin, ó mọ pé plẹ́yà tí wọ́n yọ lẹ́yìn àṣìṣe kan máa ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù tó bá padà wọlé. Rena Wakama gbá bọ́ọ̀lù fún D'Tigress, tíìmù obìnrin Nàìjíríà, kó tó di kóòṣì wọn ní 2023, ọdún yẹn náà ló gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó máa gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Ní Paris 2024 wọ́n na Australia 75-62, wọ́n na Canada 79-70, wọ́n dé quarterfinal, tíìmù Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ò débẹ̀ rí nínú baskẹ́tìbọ́ọ̀lù Olympics. FIBA, àjọ baskẹ́tìbọ́ọ̀lù àgbáyé, fún un ní kóòṣì tó dáa jù nínú ìdíje obìnrin. Ní 2025 wọ́n tún gba AfroBasket ní Abidjan, ìyẹn ìkarùn-ún léraléra fún Nàìjíríà. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí apá tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò, Wakama ò kàn bọ́ aṣọ plẹ́yà kó wọ ti kóòṣì, ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn kóòṣì mìíì ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, Stony Brook ló wà nígbà tí Nàìjíríà pè é, iṣẹ́ asístáǹtì, iṣẹ́ ètò ìrìnàjò, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní pàtẹ́wọ́ fún.

Ohun tí gbígbá bọ́ọ̀lù ò lè fún èèyàn

Magic Johnson wà lára àwọn point guard (ẹni tó ń darí eré lórí kọ́ọ̀tù) tó dáa jù tó tíì gbá bọ́ọ̀lù láyé. Lakers gbé e sórí àga kóòṣì ní ìparí sáà 1993-94, géèmù 16 ló ṣe, ó borí 5, ó pàdánù 11, mẹ́wàá tó kẹ́yìn pátápátá ló pàdánù léraléra, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Derek Fisher gba ife márùn-ún bíi plẹ́yà, New York gbà á ní 2014 láì tíì fi ọdún kan sinmi lẹ́yìn tó fi gbígbá sílẹ̀, sáà àkọ́kọ́ ẹ̀ ó borí 17, ó pàdánù 65, wọ́n lé e ní 2016. Steve Nash tó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ plẹ́yà tó dáa jù lọ́dún, lẹ́ẹ̀mejì, Brooklyn fún un ní tíìmù tó ní Kevin Durant àti Kyrie Irving láì ṣe asístáǹtì lórí bẹ́ǹṣì rí, ó borí géèmù púpọ̀ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan dàrú láàárín àwọn plẹ́yà yẹn kò sí ohun tó lè fi mú un, ní ìbẹ̀rẹ̀ November 2022 wọ́n ti jọ pínyà.

Kí ló ń fa irú ẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù, ara wọn ló mọ̀ ọ́n, ẹnu wọn ò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ bá bi í pé báwo lo ṣe mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn máa gé lọ sẹ́yìn, á ní "mo kàn rí i". Òótọ́ ló ń sọ, ó kàn rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà níwájú ẹ ò kàn lè rí i, ó nílò kí wọ́n sọ fún un pé wo ejìká ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tó bá ti yí orí sí bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni àkókò ẹ. Ẹni tí nǹkan nira fún nígbà tó ń gbá ti ní láti wá àlàyé yẹn fún ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ẹ bá wò ó dáadáa, plẹ́yà àtijọ́ tó ń yọrí sí kóòṣì ńlá, àwọn tó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì pọ̀ nínú wọn. Riley kì í ṣe ìràwọ̀ nígbà tí Lakers gba ife 1972. Kerr gba ife márùn-ún bíi plẹ́yà, mẹ́ta pẹ̀lú Chicago àti méjì pẹ̀lú San Antonio, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó dúró síbì kan kó ju bọ́ọ̀lù tí Michael Jordan bá fún un. Rick Carlisle tó gba 2011 pẹ̀lú Dallas, lórí bẹ́ǹṣì Boston ló wà ní 1986. Phil Jackson ò lè gbá rárá ní 1969-70 nítorí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, ó kàn ń bá Knicks rìn kiri, ó ń wo bí Red Holzman tó jẹ́ kóòṣì wọn ṣe ń ṣe é, ọdún yẹn wọ́n gba ife. Ẹni tó bá jókòó wo géèmù tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa rí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà lórí kọ́ọ̀tù, kò ní rí ara ẹ̀ nìkan.

Ẹ má wá tìtorí ìyẹn sọ pé ìràwọ̀ ò lè ṣe é láéláé. Dawn Staley gba góòlù Olympics lẹ́ẹ̀mẹta bíi plẹ́yà, ó sì ti fi South Carolina gba ife NCAA, ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní 2017, 2022 àti 2024. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rìn ín, láti 2000 ló ti ń kọ́ tíìmù yunifásítì Temple nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní WNBA, líìgì àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, ó ti ṣe kóòṣì fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó gba ife NCAA àkọ́kọ́.

Ẹ béèrè pé ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́

Télọ̀ ò lè sọ fún yín pé torí òun ti ń wọ aṣọ tó dáa láti kékeré, kẹ́ẹ gbé aṣọ ìgbéyàwó wá. Ẹ máa béèrè ọ̀gá ẹ̀, ẹ máa béèrè ọjọ́ tó ṣe fríìdọ̀ọ̀mù. Ẹ bi plẹ́yà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ náà láìbẹ̀rù, kò sí àrífín níbẹ̀.

Ìdáhùn tẹ́ẹ ń wá ni irú èyí tí Ime Udoka lè fún yín, ọmọ bàbá Nàìjíríà tó gbá fún D'Tigers, tíìmù ọkùnrin wa, lẹ́yìn tó gbá tán ó jókòó sábẹ́ Popovich ní San Antonio láti 2012 dé 2019, ó kọjá sí Philadelphia, ó kọjá sí Brooklyn, kó tó gba Boston ní 2021, sáà àkọ́kọ́ ẹ̀ pẹ̀lú wọn dé Finals, àṣekágbá NBA. Tàbí Tyronn Lue tó fi gbígbá sílẹ̀ ní 2009, tó ń tẹ̀ lé kóòṣì Doc Rivers kiri, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n gbé Cleveland fún un ní January 2016, ọ̀rọ̀ ti yé e débi pé wọ́n wà lẹ́yìn 3-1 ní Finals, géèmù mẹ́ta sí ẹyọ kan, ó sì yí i padà. Phil Jackson fúnra ẹ̀, ọdún márùn-ún ló lò ní líìgì kékeré pẹ̀lú Albany Patroons kí Chicago tó gbà á bí asístáǹtì ní 1987.

Jason Kidd tiẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí tí plẹ́yà bá sọ fún mi pé òun ò lè padà lọ ṣe asístáǹtì lábẹ́ ẹnì kan. Kidd fi gbígbá sílẹ̀ ní June 2013, oṣù yẹn náà ló di kóòṣì àgbà ní Brooklyn, ọdún kan péré ló lò, ó lọ sí Milwaukee, wọ́n lé e níbẹ̀ ní 2018. Ó wá gbà láti jókòó bí asístáǹtì sábẹ́ Frank Vogel ní Lakers, Vogel tí kò gbá géèmù NBA kan rí láyé ẹ̀! Wọ́n jọ gba ife 2020. Ìgbà tó tún di ọ̀gá ní Dallas, ó dé Finals ní 2024. Ìràwọ̀ tó bá lè rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ dì í mú.

Tí kò bá tíì kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Larry Bird, ìràwọ̀ Boston nígbà kan, ò kọ́ṣẹ́. Indiana gbà á ní 1997, ó borí 58 nínú 82 ní sáà àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní Coach of the Year, ó sì dé Finals ní 2000. Àṣírí ẹ̀ hàn gbangba, ó mú Carlisle fún ọfẹ́ǹsì, ó mú Dick Harter fún dìfẹ́ǹsì, ó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Kerr náà ò ṣe asístáǹtì rí, ó ṣe General Manager ní Phoenix, ó ṣe aláyé géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n, ọjọ́ tó gba Golden State ní 2014 Alvin Gentry àti Ron Adams ló lọ mú, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ẹ bá fẹ́ gba ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ìbéèrè yín ni pé ta lo fẹ́ mú dání? Tó bá dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nìkan, ẹ ṣọ́ra. Tó bá dárúkọ bàbá kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti ogún ọdún, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Bẹ́ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Plẹ́yà tó ti lókìkí mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà á ti máa rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á máa béèrè pé báwo ló ṣe rí nígbà tẹ́ẹ bá Angola gbá, ìpàdé á tán kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan gidi.

Ẹ kọ́kọ́ fi fídíò hàn án. Géèmù tí kò mọ̀, tíìmù tí kò mọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹ ní kó sọ ohun tó rí. Tó bá ń sọ pé ọmọ yẹn mọ ṣúútù, ọmọ yẹn ga, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń wò. Ohun tẹ́ẹ fẹ́ gbọ́ ni irú pé dìfẹ́ǹsì yìí ń switch gbogbo screen (wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fi ara dí wọn lọ́nà), big wọn, ẹni gíga yẹn, ò lè tẹ̀ lé guard tó ń sáré, ẹ wo ẹni tó wà ní kọ́nà lódìkejì, ó ti fi ọkùnrin ẹ̀ sílẹ̀ wọ inú, pààsì ibẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ wọn, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá lè sọ fún yín pé "nínú tréènì ohun tí màá fi kọ́ wọn nìyí", ọkàn yín lè balẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní ọmọ méjìlá àti ogójì ìṣẹ́jú lórí kọ́ọ̀tù, ẹ ní kó kọ́ wọn ní nǹkan kan ṣoṣo, closeout (bí wọ́n ṣe ń sáré jáde lọ dí ẹni tó fẹ́ ṣúútù), tàbí bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú dìfẹ́ǹsì, kó má ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jókòó síbi tí kò ti ní máa wò yín. Ẹ wo iye ìgbà táwọn ọmọ dúró lórí ìlà tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wò ó bóyá òun fúnra ẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù, torí àwọn kan wà tí wọ́n á gba bọ́ọ̀lù láti fi hàn wọ́n, wọn ò ní dá a padà mọ́, wọ́n á máa dribble, àwọn ọmọ á máa pariwo, inú gbogbo èèyàn á dùn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ nǹkan. Ju gbogbo ẹ̀ lọ ẹ wo ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rárá nínú àwọn méjìlá yẹn. Ṣé ó lọ bá a? Ṣé ó yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò yé e, àbí ó kàn pariwo ọ̀rọ̀ kan náà sókè sí i? Èmi tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ìdánwò yìí, ti ọmọ yẹn ni màá mú.

Ìkẹta ni táìmáòtù, ìdádúró kékeré tí kóòṣì ń pè kó lè bá tíìmù ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lábẹ́ òfin FIBA tí a ń lò, ìṣẹ́jú kan péré ni, méjì lẹ ní fún ìlàjì àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ìlàjì kejì, ẹ ò sì lè lò ju méjì lọ nínú ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn kọ́tà kẹrin. Plẹ́yà tó wà nínú kọ́ọ̀tù ò lè pè é bíi ti NBA, ọ̀dọ̀ kóòṣì tàbí asístáǹtì àkọ́kọ́ ẹ̀ nìkan ni ìpè ti lè wá. Ẹ fún un ní báyìí: a wà lẹ́yìn pẹ̀lú pọ́ìǹtì méjì, ó ku sékọ́ńdù 12, bọ́ọ̀lù tiwa láti ẹ̀gbẹ́, àwọn tó ń ṣọ́ wa ti ṣe fáòlù mẹ́ta nínú kọ́tà yìí. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù fún un, ẹ tẹ aago. Ẹni tó mọṣẹ́ máa rí i kíá pé wọ́n ṣì ní fáòlù kan tí wọ́n lè ṣe láì fún wa ní free throw (bọ́ọ̀lù tí a máa ń jù láìsí ẹni tó ń dí wa), torí pé láti orí ìkarùn-ún ni free throw ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n lè gbá ọwọ́ wa kí wọ́n ba eré wa jẹ́, a gbọ́dọ̀ ní nǹkan kejì nílẹ̀ tí a máa ṣe lẹ́yìn fáòlù yẹn. Ẹ sì wo bóun ṣe ń sọ ọ́. Nínú ìṣẹ́jú kan, plẹ́yà tó ń mí gúlegúle ò lè gbé ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Tó bá ń sọ ìtàn bí òun ṣe ju bọ́ọ̀lù tó gba géèmù nígbà tiẹ̀, aago á ti dún.

Ìkẹrin, ẹ béèrè pé kí ló máa sọ fún ọmọ tó wá sí gbogbo tréènì, tí kò sì ní wọlé ní géèmù ọjọ́ Sátidé. Ẹ dákẹ́ kó dáhùn.

Ohun tí ẹ ò ní láti béèrè ni iye mẹ́dàlì àti ẹni tí wọ́n jọ gbá. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ tíìmù tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ kọ́

Èyí gbẹgẹ́. Bill Russell ló rọ́pò Auerbach ní Boston ní 1966, kóòṣì àgbà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní NBA, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kan náà, ó gba ife 1968 àti 1969. Ó ṣiṣẹ́ torí àwọn tó ń kọ́ yẹn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti jọ borí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò pọn dandan kó ṣàlàyé ara ẹ̀. Nígbà tó lọ sí Seattle lẹ́yìn náà kò gba ife, nígbà tó dé Sacramento ní 1987 ó borí 17 ó pàdánù 41, wọ́n sì yọ ọ́. Àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ nílò ẹni tó máa kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí kóòṣì yín tuntun bá fẹ́ kọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ní ọdún tó kọjá, ẹ jẹ́ kó sọ níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bó ṣe máa yan ẹni tó ń wọlé, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ ló máa kọ́kọ́ bínú.

Ìràwọ̀ tí kò lè ṣe kóòṣì, ẹ má jù ú nù

Hakeem Olájùwọ̀n ò di kóòṣì àgbà tíìmù kankan ní NBA. Ṣùgbọ́n Kobe Bryant lọ bá a ní Houston ní 2009 láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn tini lábẹ́ agbọ̀n, LeBron James lọ ní 2011. Ẹsẹ̀ tó ń kọ́ wọn yẹn, láti inú handball àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó gbá ní Èkó kó tó fọwọ́ kan baskẹ́tìbọ́ọ̀lù ló ti wá. Ó ń kọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, lórí nǹkan kan, pẹ̀lú sùúrù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí kéèyàn máa ṣètò méjìlá, kó máa bá rẹfirí jà, kó máa bá òbí sọ̀rọ̀. Tí bọ̀dá yín bá kùnà nínú ìdánwò táìmáòtù ṣùgbọ́n tó mọ ọmọ kan kọ́ dáadáa, ẹ gbà á fún skills, kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n eré lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì ṣe ọ̀gá. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì sanwó kékeré fún un torí pé wọn ò pè é ní kóòṣì àgbà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣì ń gbá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí kí orúnkún tó kọ̀. Ẹ ní kí kóòṣì yín jẹ́ kẹ́ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀ tẹ́ẹ bá wà lórí bẹ́ǹṣì, iye ìgbà tí wọ́n gba pick and roll (kí ẹnì kan fi ara dí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ní bọ́ọ̀lù, kó sì yí lọ sí agbọ̀n) lọ́wọ́ òsì àti ohun tó yọrí sí, ìyẹn nìkan á ti là yín lójú. Ẹ gba àwọn ọmọ abẹ́ ọdún mẹ́rìnlá ní àdúgbò, ẹ kọ́ wọn fún sáà kan gbáko. Ẹ fi fèrè ṣe rẹfirí géèmù díẹ̀, ẹ máa rí i pé òfin tẹ́ẹ rò pé ẹ mọ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Tí àjọ baskẹ́tìbọ́ọ̀lù bá ṣe kọ́ọ̀sì kóòṣì, ẹ lọ, kódà tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọ́ yín ò lè ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n bíi tiyín. Erik Spoelstra gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Portland, nígbà tí Miami gbà á ní 1995 yàrá fídíò ni wọ́n fi í sí, ó di kóòṣì àgbà ní 2008, ó gba ife 2012 àti 2013 pẹ̀lú LeBron James nínú tíìmù ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá láàárín fídíò sí àga ọ̀gá. Becky Hammon jẹ́ ìràwọ̀ ní WNBA, síbẹ̀ ó lo ọdún mẹ́jọ lábẹ́ Popovich kó tó gba Las Vegas Aces, ó sì ti gba ife mẹ́ta pẹ̀lú wọn, 2022, 2023, 2025.

Lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti gbà á

Ẹ fún un ní sáà méjì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ fún un ní asístáǹtì kan tó dàgbà jù ú lọ nídìí iṣẹ́ yìí tí kò bá tíì ní, kẹ́ẹ sì ríi dájú pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Lóṣù méjì sí i, ẹ lọ sí tréènì lọ́jọ́ tí kò retí yín, ẹ pe mẹ́ta nínú àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ẹ má pe àwọn tó dáa jù, ẹ pe ẹni kẹjọ, ẹni kẹsàn-án, ẹni kọkànlá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni kóòṣì ní kí o máa ṣe tó o bá wọlé. Tí àwọn mẹ́ta yẹn bá lè dáhùn láì wo ojú ara wọn, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kódà tẹ́ẹ bá ti pàdánù géèmù mẹ́rin. Tí wọn ò bá mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ẹ pe kóòṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, kẹ́ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú géèmù tó ń bọ̀.